Adìẹ Tí Yóò Dá Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró Sílé

Ajé, 3 Oṣù Kejì

Àwọn òròmọdìẹ dé láàárọ̀ yìí, ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú èènì méjì. Láti àná ni mo ti tan iná sí ilé wọn kí ilẹ̀ lè móoru, nítorí òròmọdìẹ ọjọ́ kan kò tíì mọ bí a ṣe ń mú ara ẹni gbóná. Ilẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ ń pa á, kí àrùn tó dé. Èérún pákó tí a tẹ́ gbẹ dáadáa. Mo ti ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ omi kí n tó gbé e sílẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí omi wà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí.

"Dókítà, ṣé o fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ṣe é bó ṣe yẹ."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fi omi kan ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, wọn á ti tó pa kí o tó dé orí èyí tó kẹ́yìn."

Mẹ́rin nínú wọn kò lè dìde. Ẹ̀gbọ́n mi wá páálí kan, ó fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí i lára yípo, ó kó wọn sínú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nílé ìdáná.

Ọjọ́rú, 5

Aláṣẹ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Láti ìgbà tó ti ń rá ni a ti ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ní Aláṣẹ, nítorí kò tíì lè sọ̀rọ̀ tó ti ń na ìka sí àgbàlagbà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

"Mọ́mì, àdéhùn wa ò yí padà o."

"Ta ló ní ó yí padà?"

"Mo kàn ń rán yín létí ni."

"Èmi ni mo bí ọ. N kò nílò olùrántí."

Àdéhùn náà nìyí: bí adìẹ wọ̀nyí bá dàgbà, tí a pa wọ́n, tí alásè ilé-ìwé gba ọgọ́rin tó ní òun fẹ́, tí ìyá rẹ̀ kò sì ṣubú, Aláṣẹ kò ní dárúkọ ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nílé yìí mọ́ láé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi yóò ti ilẹ̀kùn ilé tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, yóò sì lọ máa gbé yàrá ẹ̀yìn nílé Aláṣẹ, ní àjà kẹta, níbi tí kò ti sí ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

N kò lè bínú sí ọmọ náà. Lọ́dún tó kọjá, ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, kò sì rí ẹni gbé e dìde títí Káfíńtà tó wà lódìkejì ògiri fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn, òùngbẹ pa gbogbo adìẹ tó ń sìn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí mo sì kó àpótí mi wá.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo fi la òkú adìẹ. Wọ́n á gbé e wá nínú ọ̀rá, màá la inú rẹ̀, màá sọ ohun tó pa á. Mo mọ gbogbo ọ̀nà tí adìẹ lè gbà kú. Bí a ṣe ń ṣe é kí ó má kú ni wọn kò bi mí léèrè rí.

Àbámẹ́ta, 8

Mo kó òfin kalẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Bàtà ilé adìẹ kò gbọdọ̀ jáde kúrò nílé adìẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin adìẹ níbòmíràn kò gbọdọ̀ wọlé. Ike omi gbọ́dọ̀ di fífọ̀ pẹ̀lú apakòkòrò láràárọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Òun náà tún un sọ bí ọmọ ilé-ìwé, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ìdánwò wà.

Lọ́sàn-án, Káfíńtà gbé àpò èérún pákó wá. Mo gbà á lẹ́nu géètì, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má wọlé, nítorí òun náà ní adìẹ.

"Dókítà, ṣé adìẹ ló ń ṣàìsàn ni, àbí káfíńtà?"

"Bàtà yín ni mo ń sá fún, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Kí n bọ́ bàtà, nígbà náà?"

"Àti ẹsẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Òun ló gbé e dìde nílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, èmi wá ń dá a dúró lẹ́nu géètì bí olè.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ooru. Owó oúnjẹ adìẹ tún ti lé. Nínú mẹ́rin inú páálí, mẹ́ta ti dìde, ọ̀kan kú. Méjì mìíràn kú láàárín àwọn ìyókù, kékeré ni wọ́n, kò yà mí lẹ́nu.

Ajé, 17

Ọjọ́ àjẹsára Gúmbórò, àrùn tó lè pa odindi ilé adìẹ tán. Mo gbé oògùn náà bọ̀ láti ìlú nínú fíláàsì tó kún fún yìnyín, mo fi í sáàárín ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Mo jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọ́n díẹ̀ kí wọ́n lè mu ún tán kíákíá. Mo po wàrà lẹ́búlẹ́bú mọ́ omi kànga kí nǹkan kan nínú omi má baà pa oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọ gbogbo ike kalẹ̀, ó tò wọ́n bí abọ́ àlejò. Wọ́n mu ún tán. Inú mi dùn púpọ̀.

Ẹtì, 21

Káfíńtà pè mí láti orí ògiri láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Dókítà, ẹ gbà mí."

Mo gun àpótí, mo wo ọgbà rẹ̀. Àwọn adìẹ rẹ̀ ká jọ, wọ́n wú ìyẹ́ bí ẹni tí òtútù ń mú, ìgbẹ́ wọn funfun, ó ń ṣàn bí omi. Òmíràn ń fi ẹnu ṣá ara rẹ̀ nídìí. Òkú mẹ́fà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. N kò lè lọ síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé e wá. Mo ní kí ó tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, kí ó mú ọ̀bẹ.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ rọra la ìdí rẹ̀, lókè ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde. Ẹ óò rí àpò kékeré kan níbẹ̀ bí èso. Báwo ló ṣe rí?"

Ó là á, ó tẹ̀ wò ó. "Ó wú. Ó pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀."

Gúmbórò ni. Kò ní oògùn tó ń wò ó sàn. Àpò kékeré yẹn ni adìẹ fi ń kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń bá àrùn jà, ibẹ̀ gan-an ni àrùn yìí sì máa ń kọ́kọ́ ṣá. Mo sọ fún un pé kí ó fún wọn lómi tó mọ́, kí ó sin òkú jìn. N kò ní ohun mìíràn láti sọ. Nígbà tó béèrè nípa tiwa, mo ní, "Tiwa ti gba àjẹsára." Ojú tì mí bí ohùn mi ṣe balẹ̀ tó nígbà tí mo sọ ọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ń palẹ̀ mọ́ nílé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A dúpẹ́ pé mo fọ ike wọn dáadáa lọ́jọ́ oògùn. Ìlọ́po méjì ni mo fi apakòkòrò sí i lọ́jọ́ náà."

Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ṣé ẹ fi omi lásán ṣàn án lẹ́yìn náà?"

"O ò sọ bẹ́ẹ̀. O ní a kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Mi ò fò ó."

Mo jókòó. Mo ṣàlàyé fún un pé kòkòrò àrùn náà gan-an ló wà nínú oògùn yẹn, tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, pé ààyè ló gbọ́dọ̀ wọ ara adìẹ kí ara adìẹ lè fi í kọ́ ìjà. Apakòkòrò kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni. Èyí tó kù lára ike ti pa á kí adìẹ kankan tó tẹ ẹnu bọ omi. Wàrà tí mo pò kò lè borí gbogbo ìyẹn.

Ó ń fi aṣọ nu orí tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Nítorí náà, èmi ni mo pa oògùn."

"Àwa méjèèjì ni. Ẹ̀yin gbọ́ràn, èmi kò parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí hàn sí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí pé ó yẹ kí n sọ ọ́."

"Adìẹ bà lókùn," ni ó wí, kò sì parí òwe náà. Kò sí ẹni tí ara rọ̀ nínú ilé yìí lónìí.

Àbámẹ́ta, 22

Mo tún lọ ra oògùn. Mo fọwọ́ ara mi fọ ike, mo fi omi kànga ṣàn án títí kò fi ní òórùn kankan. Wọ́n mu ún. Ṣùgbọ́n ara adìẹ kì í mọ ìjà lóòjọ́, ó ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kọ́ ọ dáadáa. Ní gbogbo àkókò yìí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ Káfíńtà wá sọ́dọ̀ wa.

Àìkú, 23

Káfíńtà ń gbẹ́ ilẹ̀ láti sin òkú. Mo ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń kí i pẹ̀lẹ́. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò gbé orí sókè.

Ajé, 24

Mo ka ìgbẹ́ wọn bí ẹni ń ka ìwé. Kò sí funfun. Ọ̀kan jókòó sí igun, mo sáré sí i. Ó dìde, ó lọ jẹun. Oorun ló ń sùn.

Ọjọ́rú, 26

Òkú kan láàárọ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ara rẹ̀ sanra, ìyẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ́ ẹ sórí pákó. Ẹgbàágbèje adìẹ ni mo ti là, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo ti ẹnu rẹ̀ bọ omi rí. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi. Mo la ìdí rẹ̀. Àpò náà rí bó ṣe yẹ, ó funfun, kò wú, kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo la àyà rẹ̀. Ọkàn ni. Adìẹ ẹran máa ń yára sanra ju bí ọkàn rẹ̀ ti lè gbé lọ, nígbà mìíràn ọkàn á kàn dákẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Ọkàn ló pa á," ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn ni!"

"Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń yọ̀ nídìí òkú," ló fèsì. Ṣùgbọ́n ó lọ se tíì fún mi, ó sì fi ṣúgà sí i kọjá bí mo ṣe máa ń mu ún.

Ẹtì, 28

Ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé garawa omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, níbi tí amọ̀ ti máa ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó jókòó sílẹ̀ gbì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó ti di òpó mú, ó ti dìde, ó ń gbọn yẹ̀rì rẹ̀.

"O ò rí nǹkan kan."

"Mo rí i."

"Àbúrò mi ni ọ́, àbí o kì í ṣe àbúrò mi?"

"Àbúrò yín ni mí. Bí Aláṣẹ kò bá bi mí, n kò ní sọ. Bó bá bi mí, n kò ní purọ́."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di àṣálẹ́. Nígbà tó máa yanu, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni: "Wá jẹun, olóòótọ́."

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Àkókò tí mo ń bẹ̀rù ti kọjá. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jà, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Adìẹ Káfíńtà kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo sùn, mo sùn dáadáa.

Ẹtì, 14

Mo ti yára sùn jù.

Ooru tí n kò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo dé. Kí ó tó di ọ̀sán ni iná ti lọ, fáànù dúró. Adìẹ tó wúwo kò lè làágùn bí ènìyàn. Ẹnu nìkan ló fi ń tú ooru jáde. Gbogbo wọn la ẹnu, wọ́n na ìyẹ́ apá, wọ́n ń mí helehele. Mo kó oúnjẹ kúrò níwájú wọn, nítorí oúnjẹ tó ń dà nínú wọn ń dá kún ooru náà. Mo gun àkàbà, mo ń da omi sórí páànù. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé wọn, ó ń fi ẹ̀yìn tíréè fẹ́ wọn láti igun dé igun, ó ń kí wọn pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo ní kí ó jáde, kí ooru má baà gbé òun náà.

"Bí mo bá jáde, ibo ni mò ń lọ? Àjà kẹta?"

Káfíńtà ló gbé garawa yìnyín méjì ka orí ògiri fún wa, láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. "Mi ò wọlé o," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi wà lọ́hùn-ún."

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú kí atẹ́gùn tó dé. Ó ku mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ọgọ́rin ni alásè ń retí.

Ọjọ́bọ̀, 20

Káfíńtà kan tábìlì fún wa, ó tún gé ìdí ike ńláńlá mẹ́ta, ó kàn wọ́n mọ́ pákó. Orí adìẹ la ó tì sínú rẹ̀ kí ó yọ jáde nísàlẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbọ̀n, kò sì ní fi ara pa. Mo ti pọ́n ọ̀bẹ. Lọ́la, omi nìkan ni wọn yóò mu kí inú wọn lè ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá mo ti pa adìẹ rí. Mo sọ fún un pé òkú ni wọ́n máa ń gbé wá fún mi. Ó wò mí títí.

"Gbogbo ìwé tí o kà yẹn," ló wí.

Àbámẹ́ta, 22

Ọjọ́ pípa. A bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ooru tó dé. Mo ṣí géètì fún Káfíńtà fúnra mi.

"Ẹ wọlé."

"Àti ẹsẹ̀?"

"Àti ẹsẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi pa àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ọrùn rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan sí i ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí n kò gbọ́. Ó wá na ọ̀bẹ sí mi. Mo pa ọ̀kan. Ó ṣe é ṣe. N kò fẹ́ kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Káfíńtà ń tẹ̀ wọ́n bọ omi gbígbóná, èmi ń yọ nǹkan inú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ọwọ́ iṣẹ́ ni mọ́tò Aláṣẹ dúró níta. Ó wọlé, ó ká páálí mẹ́fà mọ́ abẹ́ apá, ó dúró, ó ń wo ẹ̀jẹ̀, ìyẹ́ àti ìyá rẹ̀.

"Kí ni páálí yẹn wà fún?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Káfíńtà ló sọ fún mi lórí fóònù lánàá pé Gúmbórò ti pa adìẹ tán. Mo ní kí n wá bá yín kó ẹrù."

"Tèmi ni mo sọ!" ni Káfíńtà kígbe. "O ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí o tó gé fóònù!"

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ká apá aṣọ rẹ sókè. Ìyẹ́ ń bẹ láti tu."

Ó tu ìyẹ́. Ó fi àkọ́kọ́ sínú omi pẹ́ jù, awọ rẹ̀ ya láti àyà dé itan.

"Aláṣẹ, rọra, ẹran kò gbọ́ àṣẹ."

Mo wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó fi sínú omi yìnyín. Àpò kékeré ìdí wọn mọ́, gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo da méjì nù, nítorí ẹ̀dọ̀ wọn ní àmì tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ mi, ó wo garawa tí mo dà á sí.

"Dókítà. Ṣé o mọ iye tó kù?"

"Mo mọ̀."

"Wọn ò lè jẹ ẹ́ ni?"

"Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni yóò jẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó na èyí tó kàn sí mi. A yọ èyí tí awọ rẹ̀ ya sọ́tọ̀. Nígbà tí a kà wọ́n tán, ọgọ́rin ni, láìlé, láìdín.

Aláṣẹ fọ ọwọ́. Ó wá dúró tì mí. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ṣé Mọ́mì ṣubú?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ ọ̀bẹ. Ó dáwọ́ dúró, kò yíjú.

"Wọ́n ṣubú," ni mo wí. "Wọ́n di òpó mú, wọ́n dìde fúnra wọn."

"Níbo?"

Mo nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ. Ó rìn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó jókòó sínú amọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe jókòó gan-an. Òpó kan náà ló dì mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Aláṣẹ, ṣé kí n fi páálí kan kó ẹrù tìrẹ náà?"

Káfíńtà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Aláṣẹ wo amọ̀, ó wo òpó, ó wo ìyá rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó dìde. Ó ní, "Káfíńtà, ẹ gbé okùn ìwọ̀n yín wá. Mo fẹ́ igi ìdìmú, láti ibí dé ilé ìdáná, ní ọ̀tún àti ní òsì. Kí ilẹ̀ ibí yìí sì di sìmẹ́ǹtì kí oṣù yìí tó parí."

A tẹ́ ọ̀rá sínú páálí, a da yìnyín sí i, a kó ọgọ́rin adìẹ sínú márùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló wà wọ́n lọ fún alásè. A se èyí tó ya, a bá Káfíńtà jẹ ẹ́.

Ajé, 24

Káfíńtà ń gbẹ́ ihò òpó láti àárọ̀. Mo ń di àpótí mi. Ìró kan ń ti ilé ìdáná wá, mo lọ wò ó. Páálí kẹfà wà lórí itan ẹ̀gbọ́n mi, ìṣó wà nínú iná, ó ń dá ihò sí i lára yípo.

"Dókítà," ló wí, kò gbé ojú sókè, "kí o tó lọ. Ọ̀rọ̀ ike omi yẹn, sọ ọ́ fún mi tán lọ́tẹ̀ yìí."

Mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.